Bí A Ṣe Ń Tẹ Àwòrán Aláwọ̀ Mẹ́ta Láti Ara Láínò Kan Ṣoṣo

Ọ̀nà méjì la lè gbà tẹ àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ nílé. Àwọn kan ń gbẹ́ láínò (linoleum, ohun pẹlẹbẹ tó ṣeé fi ọ̀bẹ gbẹ́, tí ibi tí a kò gbẹ́ lára rẹ̀ ń gba yíǹkì) ọ̀tọ̀ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín, láínò kan ṣoṣo ni: a ó máa gbẹ́ ẹ dànù díẹ̀díẹ̀ bí àwọ̀ ṣe ń gun ara wọn lórí bébà. Ayàwòrán Picasso lo ọ̀nà yìí gan-an ní Vallauris, nílẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ. Kò náni lówó púpọ̀, àmọ́ kò ní àtúnṣe. Ibi tí o bá ti gbẹ́ kúrò ti lọ nìyẹn, o ò sì lè padà wá tẹ ẹyọ kan sí i lọ́la.

Ìbẹ́pẹ tí a là sí méjì la ó fi ṣàpẹẹrẹ: èèpo rẹ̀ yẹ́lò, ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn, kóró rẹ̀ àti ẹ̀yìn àwòrán jẹ́ dúdú. Funfun bébà ni yóò di ibi tí kóró ti ń dán.

Ohun tí a ó lò

Wá láínò tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó fẹ̀ ní 15, tó sì nípọn tó mìlímítà 3. Wá ọ̀bẹ ìgbẹ́láínò ẹlẹ́nu V fún ìlà tínrín àti ẹlẹ́nu U fún ibi tó fẹ̀, róólà onírọ́bà, dígí pẹlẹbẹ kan àti ṣíbí onígi. Bí ẹyọ 10 lo fẹ́, gé bébà A4 14, nítorí pé kò sí àwọ̀ tí kì í ba ọ̀kan tàbí méjì jẹ́. Bébà tó wà láàárín gíráàmù 120 sí 160 (ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀) ló rọrùn fún títẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kí yíǹkì tó mú un.

Yíǹkì ìtẹ̀wé olóróró ni kí o rà. Olómi rọrùn fọ̀, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn máa ń yòrò padà tí àwọ̀ tútù bá kàn án. Má fi ọ̀dà ògiri dípò rẹ̀ o: kíá ló ń gbẹ, á sì le mọ́ róólà.

Ibi tí bébà ó máa jókòó sí

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó gbẹ́nà bí ìdán, tí bébà rẹ̀ wá ń yẹ̀ ní mìlímítà méjì, òfo ló ṣe.

Mú pákó pẹlẹbẹ kan tó tóbi ju A4 lọ. Fi pẹ́ńsù fa ojú A4 sí i, kí o wá fa ojú láínò sí àárín rẹ̀: àlàfo á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, á sì tó 4.8 lókè àti nísàlẹ̀. Gé páálí tí kò ga ju láínò lọ, lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun láínò ní ìrísí L. Lẹ òmíràn mọ́ igun A4 lápá kan náà. Àwọn tó ń fi pákó tẹ àwòrán ní Japan máa ń gbẹ́ irú àmì yìí sára pákó gan-an, kento ni wọ́n ń pè é. Kọ "òkè" sí ẹ̀yìn gbogbo bébà, kí ó lè jẹ́ pé igun kan náà ni yóò máa kan páálí nígbà gbogbo.

Gbígbẹ́ àti títẹ̀

Fi máàkà ya àwòrán náà sórí láínò. Bí ìlà bá ṣá nígbà tí o bá nù ún, tún un fà. Òdìkejì ni yóò jáde, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ̀, kọ ọ́ sẹ́yìn. Láínò tó bá le, sá a sóòrùn fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá kó lè rọ̀. Ọwọ́ tí o fi di láínò mú kò gbọdọ̀ wà níwájú ọ̀bẹ láéláé.

Ibi funfun nìkan ni kí o kọ́kọ́ gbẹ́. Fi yíǹkì yẹ́lò bí ìdajì ṣíbí tíì sórí dígí, yí i títí yóò fi máa dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí epo tó ń gbóná. Bí ìró rẹ̀ bá ki, yíǹkì ti pọ̀ jù. Yí i sára láínò lóròó àti níbùú, ti láínò wọ igun rẹ̀, jẹ́ kí igun bébà kan páálí kí o tó rọra sọ ìyókù kalẹ̀. Fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fi ẹ̀yìn ṣíbí ra gbogbo ojú rẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Ká etí kan sókè wò kí o tó ṣí i. Tẹ gbogbo 14 tán, kí o sá wọn sórí okùn.

Fi òróró ìsebẹ̀ àti àkísà nu láínò. Má rì í sómi, torí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ á wú, láínò á sì ká. Wàyí o, gbẹ́ èèpo kúrò, kí o tẹ àwọ̀ ọsàn lé gbogbo ìyókù. Lẹ́yìn náà, gbẹ́ ara ìbẹ́pẹ kúrò, kó ku kóró àti ẹ̀yìn àwòrán, kí o fi dúdú parí rẹ̀. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ló ń ṣáájú, torí yẹ́lò kò lè bo dúdú mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ méjì sí márùn-ún ni kí o fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kó gbẹ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò. Bí o bá kánjú, yíǹkì tuntun á ṣí ti ìsàlẹ̀.

Bí ó bá bàjẹ́

Wo etí funfun ara kóró. Bí yẹ́lò bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ̀, bébà ti yẹ̀: wò ó bóyá páálí ti ṣí, tàbí èérún láínò ló há sí igun. Bí ojú rẹ̀ bá rí tótòtó, yíǹkì kò tó, tàbí ṣíbí kò dé ibẹ̀. Bí ìlà tínrín bá dí, dín yíǹkì kù kí o tẹ bébà àlòkù méjì láti fi fà á jáde.

Fi òróró nu róólà, fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí o gbé e kọ́. Bí o bá fi rọ́bà rẹ̀ lélẹ̀, ojú rẹ̀ á pẹ́lẹ́bẹ́, á sì máa fa ìlà sára iṣẹ́ tó ń bọ̀.