Bí A Ṣe Ń Fi Mítà Oníná Wọn Omi Inú Igi

Pákó lè gbẹ lójú kó má gbẹ nínú. Ọwọ́ lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín pákó tí omi rẹ̀ jẹ́ 12% àti èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 18%. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tó tutù jù kan ilẹ̀kùn inú ilé, kò ní pẹ́ tí yóò fi sún kì, tí oríkèé rẹ̀ yóò máa yà, lẹ́yìn tí ẹ ti kùn ún tán. Nítorí irú èyí ni káfíńtà ṣe ń lo mítà. Àmọ́ mítà náà kò rí omi kankan o. Iná mànàmáná ló ń wọ̀n, láti ara iná ló ti ń ṣírò omi. Ohunkóhun tó bá lè yí bí iná ṣe ń gba inú igi kọjá padà lè mú kó parọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà náà dúró fún. Ìwúwo igi nígbà tó bá gbẹ pátápátá la fi ń pín ìwúwo omi. Bí ègé igi kan bá wọn gíráàmù 115, tó sì ku 100 lẹ́yìn tí a yan án gbẹ, 15% ni omi rẹ̀. Ìdí nìyí tí igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé fi lè ju 100% lọ, tí kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀.

Mítà wo ni kí ẹ lò?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó ní abẹ́rẹ́ méjì ń wo bí igi ṣe ń dí iná lọ́wọ́. Igi gbígbẹ kì í fẹ́ kí iná kọjá. Omi ló ń lànà fún un. Nínú igi Douglas fir tí omi rẹ̀ jẹ́ 7%, ìdènà yẹn ju 10,000 mẹ́gáóòmù (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́) lọ. Tó bá dé 25%, kì í tó mẹ́gáóòmù kan mọ́. Àyípadà ńlá yìí ló jẹ́ kí mítà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Tí omi bá ti kọjá nǹkan bí 28% sí 30%, ara igi ti mu yó. Inú àwọn ihò kéékèèké ni omi tó kù ń dúró sí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan iná mọ́. Bí mítà bá kọ 45% fún yín, ohun tó ń sọ kò ju pé igi náà tutù rinrin. Lábẹ́ 6% tàbí 7% náà, iná tó ń kọjá ti kéré jù.

Èkejì kò ní abẹ́rẹ́, àwo pẹlẹbẹ kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́ igi. Kì í dá ojú igi lu, ó sì yára. Àmọ́ bí igi ṣe ki tó ń dà á láàmú, nítorí igi líle tó gbẹ lè jọ igi rírọ̀ tó tutù lójú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tò ó sí ìwọ̀n kíki igi tó wà níwájú yín. Bí pákó bá sì tinrin, yóò ka tábìlì abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé pákó náà sókè kí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ní tèmi, ó dára fún yíyẹ òkìtì pákó wò wéréwéré. Tí owó bá wà nídìí iṣẹ́, abẹ́rẹ́ ni mo fara mọ́.

Wíwọ̀n rẹ̀

Ẹ má wọn etí pákó, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ wọlé tó sẹ̀ntímítà 30 sí 50 láti orí pákó, kí ẹ yẹra fún kókó, ibi tó là àti ibi tí oje wà. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa igi náà, ẹ dúró kí ojú rẹ̀ gbẹ.

Ẹ to abẹ́rẹ́ méjèèjì sí ojú ìlà igi, nítorí iná máa ń yá láti gba gígùn igi ju ìbú rẹ̀ lọ. Lábẹ́ 15% ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Lókè 20%, ó lè tó 2% lórí nọ́ńbà mítà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni jíjìn abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ìhòòhò máa ń sọ ti apá tó tutù jù lọ lára ibi tó fara kàn. Èyí tí a fi ọ̀rá bò tó ku ṣóńṣó orí rẹ̀, ibi tí ṣóńṣó náà dé nìkan ló ń kà. Fún pákó tó ń gbẹ láti òde wọnú, ẹ kàn án wọlé dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin nínípọn rẹ̀: mìlímítà 10 fún pákó mìlímítà 40. Ibẹ̀ ló sún mọ́ iye tí gbogbo pákó jẹ́ lápapọ̀ jù. Ẹ tún wọn àárín gbùngbùn. Tí nọ́ńbà rẹ̀ bá fi 4% tàbí 5% ju ti òde lọ, ẹ má tíì fi ayùn kàn án.

Ẹ ka nọ́ńbà náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, pàápàá tí igi bá tutù, torí bí iná bá pẹ́ nínú rẹ̀, nọ́ńbà lè máa rọra sọ̀kalẹ̀. Ẹ wọn ibi mẹ́ta, ó kéré tán, lára pákó kan, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àtúnṣe

Ìgbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó kan irú igi. Nǹkan bí 20°C la fi ń ṣètò ọ̀pọ̀ mítà, igi tó gbóná sì ń jẹ́ kí iná kọjá ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 30°C, ẹ yọ nǹkan bí 1% kúrò nínú nọ́ńbà mítà. Ìgbóná igi fúnra rẹ̀ ni mò ń sọ, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé tó bá mítà wá, kí ẹ wá irú igi yín.

Igi tí a ti fi oògùn oníyọ̀ tàbí oníbàbà rẹ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ kò ní àtúnṣe tó dájú: iyọ̀ ń gbé iná, mítà á sì máa pariwo omi tí kò sí. Gọ́ọ̀mù inú pákó alápapọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gé ègé kan láàárín pákó, ẹ wọn ọ́n lójú ẹsẹ̀, kí ẹ yan án ní 103°C títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín kù mọ́. Ẹ yọ ìwúwo ìkẹyìn kúrò nínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi ti ìkẹyìn pín èyí tó ṣẹ́ kù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti mítà ni kí ẹ máa fi tún irú igi yẹn ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ fi sílẹ̀ síbẹ̀

Fún òrùlé tàbí afárá onígi tí a fẹ́ máa ṣọ́, a máa ń fi skúrù irin tí kì í dípẹtà méjì rọ́pò abẹ́rẹ́. Ẹ bo ara wọn, kó ku ṣóńṣó orí. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi Arduino kò lè fi ẹnu wáyà rẹ̀ lásán wọn irú ìdènà ńlá yìí; ẹ jẹ́ kí iná gba inú igi kún kàpásítọ̀ kan (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́), kí ẹ sì ka àkókò tó gbà. Ẹ máa tan iná náà fúngbà díẹ̀, ẹ máa yí ojú rẹ̀ padà (kí rere di òdì, kí òdì di rere), kí ẹ sì fi sẹ́ńsọ̀ ìgbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá kọjá 20% tí kò sì wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ wá ibi tí omi ti ń wọlé, kí olú tó ń jẹ igi tó ráyè.