Bí Iyè Àgbà Bá ń Ra: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tó Ní Bàbá Tàbí Ìyá Àgbà

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń bá àgbà gbé, yálà ní abà tàbí nígboro. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dàgbà ni iyè rẹ̀ máa ń ra, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra kì í ṣe àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ tí a ń pè ní àrùn ìgbàgbé (dementia) ni, àwọn oníṣègùn sì ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárín àwa Yorùbá fúnra wa.

Ní 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ṣáájú wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà láti wádìí àrùn ìgbàgbé. Nígbà tí Ọ̀ṣúntókun di olóògbé ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, oníṣègùn ọpọlọ, wà lára àwọn tó ń bá iṣẹ́ náà lọ. Àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bá àgbà 2,494 sọ̀rọ̀, tí gbogbo wọn ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, àrùn ìgbàgbé ń mú 1.35 lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tó ń mú 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Tiwa kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é gan-an ló wúlò jù fún ilé yín. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà náà kò lọ sí ilé ìwé, àwọn mìíràn kò sì mọ ọdún tí a bí wọn, nítorí náà ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bi àgbà ní ìbéèrè tán, wọ́n á tún bi ẹni tó ń bá a gbé. Ìdí rẹ̀ ni pé nílé tiwa, ọmọ ló ń pọnmi, ìyàwó ilé ló ń se oúnjẹ, ọmọ-ọmọ ló ń lọ sọ́jà. Ìyá lè ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣẹ́ owó ata láti ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì fura, nítorí kò sí ẹni tó ń rán an níṣẹ́. Ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún un ló bo àìsàn náà mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ máa ṣàkíyèsí. Ṣé Bàbá ń ṣìnà lójú ọ̀nà oko tó ti ń rìn láti ìgbà èwe? Ṣé ó ń bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú, tàbí ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú? Ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti oṣù tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò, àti àgbo pẹ̀lú, sínú ọ̀rá kan, kí ẹ sì gbé e lọ fún dókítà, torí oògùn mìíràn a máa da iyè rú. Kí ẹni tó bá a lọ jẹ́ ẹni tó ń sùn sílé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tó dé láti Èkó láàárọ̀ ọjọ́ náà lè sanwó, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ àtọ̀gbẹ, etí àti ojú rẹ̀ wò. Àgbà tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa máa ń dà bí ẹni tó gbàgbé. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí a ń pè ní Chief Tony Anenih Geriatric Centre ti wà láti 2012.

Nílé, ẹ má ṣe rọ oògùn tí a fi ń pa koríko sínú ìgò ọtí tàbí ti omi, ẹ má sì de àgbà náà mọ́lẹ̀ nítorí pé ó ń rìn kiri. Ẹ wá ẹni tí yóò máa bá a rìn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dédé dàrú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, pàápàá tí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tó bá ṣubú, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí ibà, òùngbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú agbárí lè fà á, wọ́n sì ṣeé tọ́jú bí a bá tètè débẹ̀.