Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Oríkèé Irin Tó Sán Nígbà Ìmìtìtì Ilẹ̀

Ìbéèrè: Ìmìtìtì ilẹ̀ mi ilé onírin wa gidigidi, ṣùgbọ́n ògiri kò là, fèrèsé kò sì fọ́. Ṣé irin inú rẹ̀ ṣì lè ti fara pa?

Ìdáhùn: Ó lè rí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Northridge, ní agbègbè Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, tí agbára rẹ̀ tó 6.7, sísán oríkèé, ìyẹn ibi tí igi irin ìdábùú ti so mọ́ òpó, kò wó ilé onírin kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ohun tó bo irin, wọ́n bá oríkèé tó ti sán nínú ilé tó lé ní 100, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn nínú wọn kò fi àmì kan hàn níta.

Ìbéèrè: Irin tó yẹ kó tẹ̀, kí ló mú un sán?

Ìdáhùn: Ètè ìsàlẹ̀ igi irin ìdábùú, ìyẹn pẹlẹbẹ fífẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ òpó, ni sísán ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Àárín igi náà, ìyẹn pẹlẹbẹ tó dúró lóòró láàárín ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀, ń dí ajórin lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí náà ó ń dá iṣẹ́ dúró, ó sì ń tún un bẹ̀rẹ̀, àbùkù a sì sá pamọ́ síbẹ̀. Pẹlẹbẹ irin tí wọ́n fi gba ìsàlẹ̀ ojú jíjó, tí wọn kò yọ kúrò, tún ń bo àbùkù náà mọ́lẹ̀, àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ a sì dà bí ojú sísán tó ti wà tẹ́lẹ̀. Irin tí wọ́n sì ń yọ́ sójú jíjó láyé ìgbà yẹn kò ní ìfaradà tó.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ilé fi ṣì dúró?

Ìdáhùn: Bóòtù tó so àárín igi mọ́ òpó ṣì ń gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n oríkèé náà kò lè kojú títẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹrù rẹ̀ a bọ́ sórí àwọn yòókù, ilé a sì máa mì jìnnà sí i. Bí ilẹ̀ bá tún mì, ewu rẹ̀ pọ̀.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí ẹnjinníà ṣí ìbòrí kúrò ní ẹ̀bá òpó, kí ó fojú wò ó, kí ó sì fi ẹ̀rọ onígbì ìró yẹ inú rẹ̀ wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n kàn jó o padà bó ṣe wà, nítorí àìlera àtijọ́ náà ni wọ́n dá padà. Kí wọ́n gé ojú sísán kúrò, kí wọ́n yọ pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fi irin tó ní ìfaradà jó o. Nínú ilé tuntun, wọ́n máa ń gé ètè igi tín-ín-rín díẹ̀ níbi tó jìnnà díẹ̀ sí òpó, kí títẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dípò ojú jíjó.