Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ọlọ́sìn Ẹran: Bí André Voisin Ṣe Ń Ka Ọjọ́ Ìsinmi Koríko

Bí pápá ìjẹko bá ti ń ṣá, tí ilẹ̀ pupa ti ń yọjú láàárín koríko, ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn máa ń sọ ni pé ẹran ti pọ̀ jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n André Voisin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí sí ìlú Dieppe ní ọdún 1903, sọ pé kí a tó ka orí ẹran, ọjọ́ ni kí a kọ́kọ́ kà: ọjọ́ mélòó ni ẹran lò lórí koríko yìí, ọjọ́ mélòó sì ni koríko fi sinmi kí wọ́n tó padà sórí rẹ̀?

Voisin kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kẹ́mísìrì, ó sì jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran ní Alfort, ṣùgbọ́n oko tirẹ̀ ní agbègbè Normandy, níbi tí ó ti ń fara balẹ̀ wo màlúù tó ń jẹko, ló ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1957. Màlúù kò ní eyín iwájú lókè ẹnu. Ahọ́n ló fi ń wé koríko mọ́ra, kí ó tó fi eyín ìsàlẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu, kí ó sì fà á já. Koríko tó kúrú jù kò ṣe é wé. Voisin sì ṣàkíyèsí pé màlúù kì í fẹ́ jẹko ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ lójúmọ́, yálà ó yó tàbí kò yó. Nítorí náà, bí òkèlè bá ti kéré, ebi ni yóò bá a wọlé, wàrà yóò sì dín.

Koríko náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ẹran bá jẹ ẹ́ dé ìdí, kò ní ewé tó pọ̀ tó láti gba oòrùn mọ́, oúnjẹ tó ti fi pamọ́ sí gbòǹgbò àti ìdí rẹ̀ ni yóò fi rú. Yóò lọ́ra ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò yára dìde, kí ó tó wá dẹwọ́, kí ó le, kí ó sì máa yọ òdòdó. Bí ẹran bá padà dé kí ó tó yára dìde yẹn, ohun ìpamọ́ náà ni koríko yóò tún fà lò, bí àgbẹ̀ tó ń se èbù iṣu rẹ̀ jẹ. Bí èyí bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, koríko dáadáa á kú, èyí tí ẹran kì í jẹ á sì gba ipò rẹ̀.

Ní Normandy, ọjọ́ 18 tó fún ìsinmi láàárín oṣù Karùn-ún sí Kẹfà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ sí Kẹsàn-án, ó di ọjọ́ 36. Ní ti ẹran, Voisin ní kí a pín pápá sí abala-abala, kí màlúù má sì ṣe ju ọjọ́ 3 lọ lórí abala kan, ọjọ́ 1 ló sì dára jù fún wàrà. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi ọjọ́ tí ẹran ń lò pín ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ sì fi 1 kún un fún abala tí ẹran wà lọ́wọ́. Ọjọ́ 18 fún ọjọ́ 3 jẹ́ abala 7. Ọjọ́ 36 jẹ́ abala 13.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ẹni tó ní abala 7 péré, tí koríko wá ń lọ́ra, á rí i pé kò sí oúnjẹ, á sì máa kó ẹran lọ síwájú ní ọjọ́ 2 dípò 3. Ọjọ́ 12 péré ni abala kọ̀ọ̀kan á fi sinmi, lásìkò tó ń fẹ́ 36. Ìkánjú tí kò bọ́ sákòókò ni Voisin ka èyí sí.

Ìjọba Kúbà pè é láti wá kọ́ni ní ọdún 1964. Havana ló kú sí ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí, ní erékùṣù tí àwọn Lùkùmí, ọmọ ìyá wa, wà. Ní Bùràsíìlì, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ọ̀nà ìjẹko yìí.

Ẹ má kó ọjọ́ Normandy wá sílé bó ṣe wà, nítorí pé ní ilẹ̀ tó gbóná, koríko máa ń tètè dìde lásìkò òjò, ó sì máa ń tètè le. Ojú ni kí ẹ fi wò ó. Lọ́jọ́ tí ẹran bá wọ abala kan, ẹ so òwú pupa mọ́ ìdí koríko mẹ́wàá tí wọ́n ti jẹ, kí ẹ sì máa lọ wò ó láràárọ̀. Bí wọ́n bá ti tún ọ̀mùnú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ níbẹ̀ jẹ kí wọ́n tó kúrò, wọ́n ti pẹ́ jù. Bí abala tó kàn kò bá sì tíì rú tó, ẹ má ṣí i: ẹ dá ẹran dúró sí ọgbà wọn, kí ẹ máa gé koríko wá fún wọn láti ẹ̀bá ọ̀nà, pẹ̀lú èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti sá gbẹ dáadáa, títí koríko abala náà yóò fi dìde.