Bí Orúkọ Boneset Ṣe Gba Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Lọ́wọ́ Mi

Iṣẹ́ tí mo rò pé n ó parí ní ọ̀sán kan ni ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi, orúkọ òdòdó kan ṣoṣo ni ó sì fà á. Àwòrán òdòdó igbó méjìlá ni wọ́n gbé fún mi pé kí n kọ ìtumọ̀ orúkọ wọn ní Yorùbá. Mọ́kànlá kò yọ mí lẹ́nu rárá. Ìkejìlá ni boneset, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tí ó ń hù ní àbàtà àti etí odò ní ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà. Mo kọ ọ́ tìgboyàtìgboyà pé “ewé tí ń to eegun”. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá a padà: ta ni ó sọ fún mi pé wọ́n ń fi í to eegun?

Inú bí mi, nítorí mo ti ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí kedere pé wọ́n máa ń gún gbòǹgbò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ibi tí eegun ti ṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń kó ẹ̀rí jọ láti gbèjà ara mi, kí n tó ṣàkíyèsí pé òdòdó tí wọ́n ṣàpèjúwe níbẹ̀ ní àwọ̀ elésè-àlùkò, ó sì dorí kodò bí agogo. Comfrey ni wọ́n ń sọ, Symphytum officinale, ewéko mìíràn pátápátá tí àwọn kan tún ń pè ní boneset! Tèmi ni Eupatorium perfoliatum, orúkọ tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, fún un ní 1753. Ẹni tí ó bá ní irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, orúkọ Látìn ni kí ó kọ́kọ́ dì mú. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sán kan náà ni ǹ bá fi parí rẹ̀.

Ibà ni wọ́n ń fi àgbo ewé yìí wò. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé láti ara “ibà afọ́-eegun” ni orúkọ náà ti wá, irú ibà tí dókítà Benjamin Rush kọ nípa rẹ̀ nígbà tí ó jà ní Philadelphia ní 1780. Ó yẹ kí n ti fura, nítorí ta ni ibà ń ṣe láàárín wa tí kì í sọ pé gbogbo eegun ara ni ó ń ro òun?

Àwọn kan ní ewé rẹ̀ ni ó fà á: ewé méjì kọjú síra, ìdí wọn sì lẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí igi rẹ̀ fi dà bí ẹni pé ó gún wọn já. Mo fi èyí sí ìlà kejì. “Ewé ibà afọ́-eegun” ni mo kọ sí òkè rẹ̀, orí mi sì wú. Wọ́n gbà á láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, ṣùgbọ́n wọn kò dúpẹ́.