Bí Mo Ṣe Lé Tìróò sí Ojú Corolla Mi

Corolla 2005 ni ọkọ̀ mi, aláwọ̀ fàdákà, tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wọlé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti jọ ń jẹ ìyà kòtò Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa, éńkọnì rẹ̀ ń tutù, àmọ́ ojú rẹ̀, ìyẹn iná iwájú méjèèjì, ti pọ́n bí ojú ẹni tí ibà apọ́njú dá gúnlẹ̀. Lóru ọjọ́ kan tí mò ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀, tírélà kan ti bàjẹ́ sí etí títì kí a tó dé Ọ̀yọ́, kò tan iná kankan, mi ò sì rí i àfi ìgbà tí mo dé ìdí rẹ̀ gan-an. Orí ló kó mi yọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní iná iwájú ọkọ̀ yìí ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn.

Kí n má parọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ ríran nìkan. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà rẹwà pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ló tẹ̀lé mi lọ sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ìbàdàn. Camry Muscle ni òun ń wà, ó sì gbà pé kò sí ohun tí a kì í lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. A ra òrùka kúróòmù méjì tí wọ́n ń lẹ̀ yípo iná, a ra okùn LED tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, a ra gílóòbù aláwọ̀ búlúù. Ó tún na ìpéǹpéjú onírun gígùn kan sí mi, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iná ọkọ̀ àwọn ọmọge. Mo ní, “Bọ̀dá kékeré, èyí ti tó.” Láàárín wákàtí kan a ti lẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi dúró lẹ́nu géètì, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ta ló fẹ́ gbéyàwó?”

Òjò kan ṣoṣo rọ̀, okùn LED ti apá òsì já sílẹ̀, ó ń mì dirodiro bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó já. Kúróòmù náà kò bá etí iná mu dáadáa, àlàfo wà láàárín wọn tí ẹrẹ̀ ń kó sí. Gílóòbù búlúù yẹn ló wá burú jù. Nínú òjò, bíi pé mi ò tan nǹkan kan ni. Mo ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí: halogen lásán ni, gílóòbù tí okùn kékeré inú rẹ̀ ń gbóná kí ó tó tàn, tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù bo gíláàsì rẹ̀. Àwọ̀ náà kò fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ṣe ló ń dí lára èyí tí ó ti wà níbẹ̀.

Réwáyà kan wà ní Mọ́kọ́lá tí mo máa ń gbé ọkọ̀ lọ bá, bàbá àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wo ojú ọkọ̀ náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ojú tí ẹ ò tíì nu ìpin rẹ̀ lẹ̀ ń lé tìróò sí.”

Mo padà sílé, mo yọ gbogbo ẹ̀ kúrò.

Yíyọ náà gba sùúrù. Mo fi díráyà irun ìyàwó mi mú gọ́ọ̀mù náà gbóná díẹ̀, mo wá fi okùn ìpẹja rẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn bí ẹni ń fi òwú gé ẹyin bíbọ̀. Èyí tí ó ṣẹ́ kù lára ọ̀dà, kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà ló nù ún kúrò. Ẹ má fi pẹtiróòlù kan ojú iná fúnra rẹ̀ o. Kì í ṣe gíláàsì, ike polycarbonate ni, pẹtiróòlù sì máa ń jẹ́ kí ó sán wẹ́wẹ́. Títí di 1983, iná gíláàsì tí a dì pa nìkan ni òfin Amẹ́ríkà fàyè gbà. Ìgbà tí òfin yí padà ni ike wọlé, tí iná ọkọ̀ wá ń ní oríṣiríṣi ìrísí, tí pípọ́n náà sì tẹ̀lé e. Oòrùn ló ń fà á: awọ tín-ínrín kan wà tí ilé iṣẹ́ fi bo ike náà, ìtànṣán oòrùn a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣí, ike tó wà lábẹ́ á wá pọ́n.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo fi ọṣẹ fọ ojú iná, mo lẹ séló téèpù ìlọ́po méjì yí i ká kí n má bàa ha ọ̀dà ọkọ̀. Mo kó sáńpépà sínú omi: 800, 1000, 2000, 3000; bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni pépà ń kúnná sí i. Mo fi 800 bẹ̀rẹ̀, mò ń fà á lọ sọ́tùn-ún, sósì, pẹ̀lú omi. Omi aláwọ̀ wàrà tó pọ́n díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, awọ àtijọ́ náà nìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí lè já àyà, torí pé ní àsìkò yìí, ojú iná náà á funfun báláú, á dà bíi pé o ti bà á jẹ́. Tí mo bá bọ́ sórí pépà tó kàn, mo máa ń yí ọ̀nà tí mò ń fà á padà, láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí n lè rí i bóyá ilà ti tẹ́lẹ̀ ti pa rẹ́ tán. Ẹni tí kò bá pa ilà 800 rẹ́ á rí i ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú. Èmi náà rí tèmi ní apá òsì, mo tún un ṣe.

Lẹ́yìn 3000, kọ́ńpáùn tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà ọkọ̀ àti aṣọ rírọ̀ ló mú un dán. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń lo pẹ́ẹ̀sìtì ìfọyín ń dúró. Ó á dán lóòótọ́, àmọ́ ike náà ti wà níhòòhò, kò ní pẹ́ rárá tí á tún fi pọ́n. Mo fi spirit nù ún, mo wá bẹ afúnọ̀dà kan ní àdúgbò wa pé kí ó bá mi fún kíláà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tí ó ń kojú oòrùn, sí i, èyí tí wọ́n ń po mọ́ hádínà kí ó lè le. Ó fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó bo imú rẹ̀ dáadáa torí òórùn kẹ́míkà yẹn kì í ṣe eré, mo sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mo ṣí i, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹ̀ṣọ́ kankan mọ́. Ọkọ̀ náà ti kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀.

Ó ku ìmọ́lẹ̀. Bàbá réwáyà gbé mítà wọn, wọ́n ní kí n tan ẹ́ńjìnnì. Lórí bátìrì, 13.9V ni mítà kà. Lẹ́yìn gílóòbù, 12.1V. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé bí iná bá dín díẹ̀ dé ọ̀dọ̀ halogen, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń fi ìlọ́po dín ni. Mo padà ṣe ìṣirò rẹ̀: nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ mi ló ń ṣòfò sínú wáyà! Ẹnì kan ti fi wáyà tín-ínrín so ibì kan pọ̀ nígbà kan rí, ibi tí wáyà ilẹ̀ sì ti kan ara irin ti dípẹtà. Wọ́n yọ orí bátìrì, wọ́n ha ìpẹtà náà, wọ́n fa wáyà tó nípọn tààrà láti bátìrì gba inú ríléè, ìyẹn súwíìṣì tí iná ń tẹ̀, wọ́n fi fíúsì 15A sí i. Gílóòbù 55W méjì kò jẹ ju nǹkan bí 9A lọ, nítorí náà kò sí ìdí láti fi fíúsì ńlá síbẹ̀. Mítà wá ka 13.6V lẹ́yìn gílóòbù.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé kí n fi gílóòbù LED sí i. Wọ́n ní kí n wo inú iná náà. Dígí tó wà nínú rẹ̀, ibi tí okùn kékeré inú halogen wà gan-an ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Tí o bá gbé nǹkan tó ń tàn láti ibòmíràn síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká, á lọ gún ojú ẹni tó ń bọ̀, títì tìrẹ á sì ṣókùnkùn. Halogen 9006 gidi, tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, ni mo rà fún díìmù, 9005 fún fúlùláìtì. Aṣọ ni mo fi mú un, torí pé ọ̀rá ọwọ́ lórí gíláàsì máa ń jẹ́ kí ibẹ̀ gbóná jù, kí gílóòbù sì kú lọ́jọ́ àìpé. Ní apá dírẹ́bà, bátìrì ló dí ọ̀nà, ọwọ́ mi bó díẹ̀.

Lálẹ́, mo gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri ilé ìjọsìn kan, ilẹ̀ títẹ́jú, mítà méje ààbọ̀ sí ògiri. Mo fi ẹfun sàmì sí ibi tí àárín iná ga dé, mo sì fi sùkúrúdráfà yí ìṣó ẹ̀yìn iná títí díìmù fi rẹlẹ̀ sí àmì náà ní nǹkan bíi ìka mẹ́ta. Apá ọ̀tún ti ń wo ojú ọ̀run láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ yìí. Abájọ tí àwọn onítírélà fi ń ṣépè fún mi.

Ìgbà yìí ni mo tó padà sórí ẹ̀ṣọ́. Mo jókòó ro ìdí tí tàkọ́kọ́ fi rí bí ọjà òpópónà. Nígbà tí BMW gbé òrùka iná sójú 5 Series tí wọ́n tún ṣe ní 2000, inú iná ni òrùka náà wà, lẹ́yìn ike, ó bá gílóòbù tó yí ká mu. Tèmi, ìta ló wà, gọ́ọ̀mù ló dì í mú, kò sì bá ilà kankan lára ọkọ̀ mu. Mo wá bi ara mi pé: ilà wo ló ti wà lójú Corolla tẹ́lẹ̀ tí mo lè tẹ̀lé? Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni.

Mo gé pátánù pépà bíi télọ̀, mo tò ó sí òkè iná lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jókòó. Ike pẹlẹbẹ ni mo fi gé ìpéǹpéjú méjì, kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, kò sì bo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Afúnọ̀dà yẹn fi ọ̀dà ọkọ̀ gan-an fún un, fàdákà lórí fàdákà. Mo fi spirit nu ojú méjèèjì, mo fi dọ́bù téèpù tó dáa lẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, mi ò sì fọ ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Gílóòbù páàkì kékeré, tó funfun bí yìnyín tẹ́lẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti halogen mu. Iná aláwọ̀ méjì lójú ọkọ̀ kan dà bí ẹni tó wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àbúrò ìyàwó mi dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó yí ọkọ̀ náà ká. “Bọ̀dá, ẹ ò wá fi nǹkan kan sí i mọ́?” Ó dúró síwájú ìpéǹpéjú náà, kò rí i. Mo ní rárá o.

Òrùka kúróòmù méjèèjì ṣì wà. Àwọn ìbejì ti kó wọn jáde nínú búùtù, oníkálukú ń fi tirẹ̀ ṣe sitiárín kiri inú ọgbà, wọ́n ń fọn fèrè.