Bí mo ṣe mọ iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀tù náà ti ṣiṣẹ́ gan-an kí n tó sanwó

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la dáwó jọ pé ká ra bọ́ọ̀tù kan, ká máa fi kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí CMS. Owó bọ́ọ̀tù tuntun kọjá ohun tí ọwọ́ wa tó, la bá ní ká wá èyí tí wọ́n ti lò. A rí ọ̀kan létí omi Ìpakodò, bọ́ọ̀tù fáíbà tó tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ́ńjìnnì Yamaha 115 fọ́ọ̀ sítírókì ló wà nídìí ẹ̀, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Alàájì tó ń tà á ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mítà dáṣíbọ́ọ̀dù gbé 312 jáde. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o rí i? Ẹ́ńjìnnì yìí ò tíì ṣiṣẹ́ kankan."

Bí ẹni ń ra mọ́tò ṣe ń wo kìlómítà, wákàtí là ń wò lára ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀tù. Sáfíìsì àkọ́kọ́ ti Yamaha yìí, 20 wákàtí ni, lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo 100 wákàtí. Èyí tó wá ká mi lára jù ni táímín bẹ́líìtì (bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, tó bá já, ẹ́ńjìnnì á kú), 1,000 wákàtí tàbí ọdún 5, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀. Tí mítà bá ń parọ́, á jẹ́ pé bẹ́líìtì tó ti gbó ni màá gbé èrò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé, kó wá já láàrin ọ̀sà níbi tí kò sí nǹkan téèyàn máa dì mú. Mi ò lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún Alàájì o. Ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà tó ń wà á ni mo kọ́kọ́ lọ, mo ra omi tútù fún un, a jókòó, mo ní bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ yín? Ó ní lọ-bọ̀ méjì lóòjọ́, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ogójì ìṣẹ́jú ni ìrìn kan, ó sì ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá yọ fóònù mo ṣírò ẹ̀: ìrìn mẹ́rin lóòjọ́, 160 ìṣẹ́jú nìyẹn, ó lé ní wákàtí 13 lọ́sẹ̀ kan, tí mo bá ní ọ̀sẹ̀ 50 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́dún, ọdún méjì á lé díẹ̀ ní wákàtí 1,330. Kí la wá fẹ́ pe 312?

Mo wá pe mẹkáníìkì kan tó ní láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń bá ẹ́ńjìnnì Yamaha sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mítà dáṣíbọ́ọ̀dù ti tó, ohun tí wọ́n lè tú kí wọ́n so òmíì síbẹ̀ ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó wà nínú ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ máa ń ka tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mẹkáníìkì náà ṣí ìdérí, ó fi wáyà láptọ́ọ̀pù so mọ́ ojú kékeré kan lábẹ́ ẹ̀, ó ní kí wọ́n tan kọ́kọ́rọ́ láìsí pé wọ́n sítáàtì ẹ. Nǹkan tó jáde ni wákàtí 1,846. Àyà mi já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń retí ẹ̀.

Ó tún fi hàn wá bí wákàtí yẹn ṣe pín sí oríṣiríṣi eré, ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Èyí tó pọ̀ jù wà láàrin 3,000 sí 4,000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), èyí tó lé ní 5,000 ò ju wákàtí 61 lọ. Ìyẹn ni pé wọn ò fi ìwàkuwà pa á. Ó ní ìgbà kan tó gbóná jù, dẹ́rẹ́bà ní ọ̀rá ló di ihò tó fi ń fa omi.

Ṣùgbọ́n wọ́n lè pààrọ̀ kọ̀ǹpútà náà, torí ẹ̀ ni mẹkáníìkì ṣe ní ká wo ara ẹ́ńjìnnì bóyá ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ó mú kó gbóná díẹ̀, ó yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, ó ṣí tọ́rọ́tù tán, ó wọn kọ́mpúréṣọ̀n, ìyẹn bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra tó: 185, 190, 185, 180. Wọ́n sún mọ́ra, kò sí èyí tó fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí ìkejì. Ọ́ìlì gíà ò funfun bíi mílíìkì, omi ò wọlé nìyẹn. Bẹ́líìtì ńkọ́? Ó ti ń sán wẹ́wẹ́. Wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ rí.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì Yamaha Enduro 40 tó pọ̀ lórí ọ̀sà wa, kò sí kọ̀ǹpútà nínú ìyẹn o, kọ́mpúréṣọ̀n àti ìṣirò ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà lẹ máa gbára lé.)

Mo lọ bá Alàájì, mo ní ẹ má bínú sà, ohun tá a rí rèé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní mítà àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, omi ló wọ̀ ọ́, tuntun ni wọ́n so, àwọn náà ò sì bèèrè iye tó wà lára ti tẹ́lẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí wọn ò bá wa jà nígbà tá a ń ṣí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n yọ owó bẹ́líìtì, owó ìmpẹ́là (èyí tó ń fa omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) àti owó iṣẹ́ kúrò, wọ́n tún bu díẹ̀ lé e, a san ìyókù.

Ọ̀la ẹ̀ la pààrọ̀ bẹ́líìtì. Mo wá fi bíró kọ "+1,534" sórí tépù funfun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wà á máa rò ó mọ́ ohun tí mítà bá sọ. Bẹ́líìtì tó kàn di 2,846, ìyẹn tí ọdún márùn-ún ò bá kọ́kọ́ pé.